Ẹ̀kọ, Adìrẹ àti Jẹ́ẹ̀lì Tó Mọ Ooru: Ìtàn Kan Láti Ojú Ọ̀nà Abẹ́òkúta sí Ṣàngó-Ọ̀tà

Tí ẹ bá ṣí ìwé tó sọ ìtàn àwọn jẹ́ẹ̀lì tó máa ń wú tàbí súnkì nítorí ooru, orúkọ mẹ́ta mẹ́rin kan náà lẹ ó máa bá pàdé: Flory ní Amẹ́ríkà, Wichterle ní Prague, Tanaka ní MIT. Ìtàn náà kì í ṣe irọ́. Ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ ló kù díẹ̀ káàtó. Ilé ìwádìí ló ti bẹ̀rẹ̀, ó fo ìkòkò. Àwa tí a ń kàwé ní Ọ̀tà àti agbègbè rẹ̀, lójú ọ̀nà tó ti Èkó lọ sí Abẹ́òkúta, kò yẹ ká fo ìkòkò. Kí ẹnikẹ́ni níbí tó gbọ́ orúkọ pólímà rárá, òwò ńlá kan ti wà ní òpin ọ̀nà yìí tó dúró lórí ìbéèrè kan: báwo ni ooru ṣe ń mú jẹ́ẹ̀lì wú, ìgbà wo ló sì yẹ kí ooru náà dáwọ́ dúró?

Ohun tí mo fẹ́ fi hàn ni pé gbogbo jẹ́ẹ̀lì tó wúlò ló ní ààlà ooru tirẹ̀, ẹni tó bá sì mọ ààlà náà ló ń rí owó nínú rẹ̀. Àwọn ìyá wa mọ ààlà kan. Àwọn ará Toronto àti MIT mọ òmíràn. Ibi tí àwa akẹ́kọ̀ọ́ Ọ̀tà dúró sí láàárín méjèèjì ni ọ̀rọ̀ wà.

Ìkòkò ṣáájú ilé ìwádìí

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí ògì. Ẹ bu ògì sínú omi tútù kí ẹ sì rò ó. Omi náà á funfun bíi wàrà. Ẹ fi í sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ògì á sílẹ̀ sí ìsàlẹ̀, omi á dá dúró lókè. Kò sí ohun tó wú. Ṣùgbọ́n ẹ da omi tó ń hó yaya lé e lórí, kí ẹ máa rò ó: kíá, ó ti ki, ó ti ń dán, ọwọ́ sì ti ń wúwo lórí ṣíbí. Ẹni tó bá ti po ẹ̀kọ rí mọ̀ pé bí omi ò bá hó dáadáa, ẹ̀kọ ò ní dì, ògì àti omi á kàn dàpọ̀ lásán ni. A kì í bẹ̀bẹ̀ fún un, a kì í fi ìyàn jíjà sí i. Ààlà ni, kò sì gba ẹ̀bẹ̀.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Hóró sítáàṣì kéékèèké ló kún inú ògì. Nínú hóró kọ̀ọ̀kan, okùn pólímà oríṣi méjì ló wé mọ́ra: amylose tó gùn gbọọrọ, àti amylopectin tó yọ ẹ̀ka bí igi. Nínú omi tútù, àwọn okùn yìí di ara wọn mú débi pé omi ò fi bẹ́ẹ̀ ráyè wọlé. Bí ooru bá ṣe ń lọ sókè ni wọ́n ń gbọ̀n. Tó bá dé nǹkan bíi 62 sí 72°C fún àgbàdo, ìdè wọn já, omi rọ́ wọlé, hóró náà sì wú di ìlọ́po ìlọ́po bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ẹ̀gẹ́ náà ní ààlà tirẹ̀, kò sì jìnnà sí ti àgbàdo.

Nígbà tí ẹ̀kọ bá ń tutù, apá kejì bẹ̀rẹ̀. Àwọn okùn amylose tó ti jáde sínú omi tún ń wá ara wọn kiri. Wọ́n ń so pọ̀, wọ́n sì ń há omi mọ́ àárín ara wọn. Ohun tó sọ ẹ̀kọ di ohun tí a lè fi ewé pọ́n nìyẹn. Ẹ fi ẹ̀kọ kan sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, ẹ ó rí omi tó ń sun jáde lára rẹ̀, torí àwọn okùn náà ti fà mọ́ra jù, wọ́n ń fún omi dànù. Nínú sítáàṣì àgbàdo, amylose tó nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin. Nínú ti ẹ̀gẹ́, ó kéré sí i. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀kọ àgbàdo fi ń dì gan-an, tí sítáàṣì ẹ̀gẹ́ sì ń mọ́ gaara, tó ń fà, tó sì ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́.

Ẹ fi ọkàn sí nǹkan kan kí a tó kọjá: ọ̀nà yìí kò ní àbọ̀. Ẹ̀kọ tó ti jinná kò ní padà di ògì láéláé. Ẹ gbé e sínú fíríjì, ẹ sá a sóòrùn, hóró tó ti wú kò ní padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. A óò padà sórí ọ̀rọ̀ yìí.

Ẹ̀kọ tí a kì í jẹ

Abẹ́òkúta ló sọ ìmọ̀ ìkòkò yìí di òwò. Ní 1898, ọkọ̀ ojú irin tó gbéra láti Èkó, tó gba ẹ̀bá Ọ̀tà àti Ifọ̀ kọjá, dé Abẹ́òkúta. Aṣọ funfun olówó pọ́ọ́kú láti ilé iṣẹ́ ìhunṣọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń wọlé lọ́pọ̀ yanturu. Àwọn aláró Abẹ́òkúta, tó jẹ́ pé obìnrin ló pọ̀ jù nínú wọn, rí aṣọ tuntun tí wọ́n lè fi ṣe iṣẹ́ tí wọ́n mọ̀. Wọ́n ti ń ṣe adìrẹ oníko, èyí tí wọ́n ń fi ìko di kí aró má bàa dé ibi tí wọ́n dì. Nígbà tó yá, adìrẹ ẹlẹ́kọ gbòde. Dípò kí wọ́n di aṣọ, wọ́n á fi jẹ́ẹ̀lì sítáàṣì ya àwòrán sí i lára. Ibi tí jẹ́ẹ̀lì bá wà, aró ò ní lè wọ ibẹ̀.

Orúkọ náà ń tan èèyàn díẹ̀. Ẹ̀kọ inú adìrẹ ẹlẹ́kọ kì í ṣe ẹ̀kọ àgbàdo tí a ń fi jẹ àkàrà. Láfún ẹ̀gẹ́ ni wọ́n máa ń sè, tí wọ́n ń fi álọ́ọ̀mù díẹ̀ sí. Tí ẹ bá rántí ohun tí a sọ nípa amylose, ẹ ó rí i pé ọgbọ́n wà níbẹ̀: ohun tó ń fà tó sì ń lẹ̀ ló yẹ kí èèyàn fi ya àwòrán sára òwú, kì í ṣe ohun tó ń dì tó sì ń sun omi. Àwọn obìnrin máa ń fi ìyẹ́ adìyẹ ya tiwọn lọ́wọ́. Ní Abẹ́òkúta, àwọn ọkùnrin náà wọ iṣẹ́ yìí: wọ́n ń gé àwòrán sára páànù, wọ́n á tẹ́ páànù lé aṣọ, wọ́n á wá fi sítáàṣì ra á kí ó gba ojú ihò bọ́ sára aṣọ.

Ẹ wá wo bí ooru ṣe pín iṣẹ́ náà sí mẹ́ta. Iná ló kọ́kọ́ wà: a se láfún títí sítáàṣì fi wú tó sì di jẹ́ẹ̀lì. Òtútù ló tẹ̀ lé e: aṣọ ti gbẹ, a rì í sínú ìkòkò aró. Aró ẹ̀lú kì í ṣe aró tí a ń gbé kaná. Inú omi eérú tútù ló ti ń ṣiṣẹ́, a ń rì aṣọ bọ̀ ọ́, a ń yọ ọ́ kí atẹ́gùn fẹ́ sí i, a tún ń rì í, títí yóò fi dú bó ṣe yẹ. Ká ní aró gbígbóná ni àwọn baba ńlá wa bá wa dá sílẹ̀ ni, adìrẹ ẹlẹ́kọ kì bá má sí, torí jẹ́ẹ̀lì ìbá tún mu omi, ìbá wú, ìbá sì ṣí kúrò lára aṣọ kí aró tó mú. Lẹ́yìn náà ni ooru tún padà: a rẹ aṣọ sínú omi gbígbóná, sítáàṣì rọ̀, a ha á kúrò, àwòrán funfun sì yọ lójú aṣọ tó dú.

Ooru, òtútù, ooru. Òwò tó bọ́ ọ̀pọ̀ ilé ní Abẹ́òkúta dúró lórí kí ìkòkò aró má kọjá ààlà tí ìkòkò ẹ̀kọ gbọ́dọ̀ kọjá. Kò sí tẹmọ́mítà níbẹ̀. Ojú, ọwọ́ àti ahọ́n ni wọ́n fi ń wọn nǹkan, àwọn aláró máa ń tọ́ omi eérú wò kí wọ́n tó gbà pé ó le tó.

Ìjà ọdún 1936

Ooru nìkan kọ́ ló lè mú sítáàṣì wú. Èyí hàn nínú ìjà kan tó mi Abẹ́òkúta.

Omi eérú gba igi púpọ̀ àti ọ̀pọ̀ ọjọ́. Nígbà tí sóódà kọ́stíìkì àti aró òyìnbó wọlé, àwọn aláró rí ọ̀nà àbùjá. Sóódà kò fẹ́ ju kí a bù ú sínú omi. Iṣẹ́ yá, owó wọlé. Kò pẹ́ tí ẹjọ́ bẹ̀rẹ̀: wọ́n ní aró ń ṣí, wọ́n ní aṣọ ń gbó kíákíá. Aláké Ladapo Ademola Kejì fòfin de sóódà àti aró òyìnbó. Àwọn aláró ò gbà. Ní 1936, ọ̀rọ̀ náà le débi pé ìgbìmọ̀ ìwádìí jókòó lé e lórí. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ nípa àwọn obìnrin wọ̀nyí lè wá ìwé Judith Byfield tó ń jẹ́ *The Bluest Hands*, tó jáde ní 2002.

Àwọn ẹgbẹ́ wa tó ń kọ́ ìtàn máa ń ka ìjà yìí sí ọ̀rọ̀ obìnrin, ọba àti ìjọba amúnisìn, bẹ́ẹ̀ ló sì rí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo kẹ́mísírì rẹ̀ náà. Sóódà kọ́stíìkì lè sọ sítáàṣì di jẹ́ẹ̀lì nínú omi tútù, láìsí iná kankan. Ó ń já ìdè àwọn okùn bí ooru ṣe ń já a. Ìyẹn ni pé ààlà 62 sí 72°C tí mo dárúkọ lókè kì í ṣe òfin tí a gbẹ́ sára òkúta. Ohun tó wà nínú omi lè fà á wálẹ̀. Aláró ẹlẹ́kọ tó bá bu sóódà jù, ohun tó yẹ kó dáàbò bo aṣọ ló lè tú nínú aró, bó tilẹ̀ jẹ́ pé aró náà tutù.

Nítorí náà, lójú tèmi, ìbéèrè tí wọ́n fi ń jà kọ́ ni ìbéèrè tó yẹ. Ọba ní kí wọ́n má lò ó, aláró ní àwọn á lò ó. Ohun tó yẹ kí wọ́n bèèrè ni: ìwọ̀n mélòó? Àwọn tó ń fi ọwọ́ ṣe iṣẹ́ náà ló sún mọ́ ìdáhùn jù, ṣùgbọ́n kò sí ìwé tí wọ́n kọ ìwọ̀n sí, kò sì sí ilé ìwádìí tó bá wọn kọ ọ́. Èyí tó mọ̀ ọ́n ṣe fi kọ́ ọmọ rẹ̀. Èyí tí kò fi kọ́ ẹnikẹ́ni gbé e lọ sí sàréè.

Jẹ́ẹ̀lì tó mọ ọ̀nà àbọ̀

Láàárín ìgbà yẹn, àwọn mìíràn ń kọ ìwọ̀n sílẹ̀ ní òkè òkun. Ní 1943, Paul Flory àti John Rehner gbé ìṣirò kan jáde nípa bí okùn pólímà tí a so pọ̀ bí àwọ̀n ṣe ń mu omi tàbí ohun olómi mìíràn. Kókó rẹ̀ kò le. Okùn fẹ́ dàpọ̀ mọ́ omi, ó fẹ́ tẹ́ rẹrẹ. Ìdè tó so wọ́n kò gbà kí wọ́n lọ jìnnà. Ibi tí agbára méjèèjì bá ti dọ́gba, níbẹ̀ ni jẹ́ẹ̀lì á dúró sí. Bí ooru bá yí ọ̀kan nínú méjèèjì padà, jẹ́ẹ̀lì á wú sí i tàbí kó súnkì.

Ní 1960, Otto Wichterle àti Drahoslav Lím ní Czechoslovakia kọ̀wé sínú *Nature* nípa jẹ́ẹ̀lì olómi tí ara èèyàn lè gbà. Ní ìparí 1961, Wichterle fi ohun ìṣeré tí àwọn ọmọdé fi ń to nǹkan ṣe ẹ̀rọ kan nínú ilé ara rẹ̀, ó sì fi í ṣe lẹ́ǹsì rírọ̀ tí a ń fi sójú. Ẹ rí i pé ìdáná ilé kò jìnnà sí ìtàn tiwọn náà.

Ọdún 1968 ni ọ̀rọ̀ wá dùn. Ní Toronto, Heskins àti Guillet ṣe àkọsílẹ̀ nípa pólímà kan tí orúkọ rẹ̀ gùn, tí gbogbo èèyàn ń pè ní PNIPAM. Nínú omi tútù, ó yọ́, omi náà mọ́ gaara. Tí omi bá gbóná kọjá nǹkan bíi 32°C, ó di funfun bí omi ògì. Tí ó bá tutù padà, ó tún mọ́. Òdìkejì ẹ̀kọ ni. Ẹ̀kọ ń fi ooru wú; èyí ń fi ooru súnkì. Ẹ̀kọ kì í padà. Èyí ń lọ, ó ń bọ̀.

Kí ló fà á? Okùn PNIPAM ní apá méjì. Apá kan fẹ́ràn omi, apá kejì kórìíra omi bí epo. Nígbà tí omi bá tutù, omi máa ń tò yí okùn náà ká létòlétò, ó sì ń bo apá tó dà bí epo náà mọ́lẹ̀. Bí ooru bá dé, omi ò lè dúró létòlétò mọ́. Ó tú ká, apá tó dà bí epo wá ṣí sílẹ̀, àwọn okùn sì sá mọ́ra wọn.

Ní 1968 yẹn kan náà, Dušek àti Patterson fi ìṣirò sọ pé ó ṣeé ṣe kí jẹ́ẹ̀lì kan súnkì lójijì, kì í ṣe díẹ̀díẹ̀. Ọdún mẹ́wàá kọjá kí ẹnikẹ́ni tó fi ojú rí i kedere. Ní 1978, Toyoichi Tanaka, ọmọ Jàpáànù tó ń ṣiṣẹ́ ní MIT, tẹ àbájáde rẹ̀ jáde: jẹ́ẹ̀lì tó wà nínú àpòpọ̀ omi àti acetone, tí ìyípadà díẹ̀ nínú ooru tàbí nínú ìwọ̀n acetone mú kí títóbi rẹ̀ yí padà lẹ́ẹ̀kan náà, ní ìlọ́po ọgọ́rùn-ún lọ́nà mélòó kan. Ní 1984, Hirokawa àti Tanaka fi jẹ́ẹ̀lì PNIPAM hàn tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ nínú omi lásán, ní nǹkan bíi 33°C. Nígbà tó fi di 1990, Teruo Okano àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Jàpáànù ti rí iṣẹ́ fún un. Wọ́n fi PNIPAM tẹ́ ojú abọ́ tí wọ́n ń tọ́jú sẹ́ẹ̀lì ara sí. Ní 37°C, sẹ́ẹ̀lì lẹ̀ mọ́ abọ́, ó ń dàgbà. Tí wọ́n bá mú un tutù kọjá 32°C, pólímà náà mu omi, ó wú, sẹ́ẹ̀lì sì ṣí kúrò fúnra rẹ̀ láìsí pé a fi nǹkan ha á.

Ẹ gbé èyí sí ẹ̀gbẹ́ adìrẹ ẹlẹ́kọ. Ibì kan, jẹ́ẹ̀lì lẹ̀ mọ́ aṣọ nígbà tí nǹkan tutù, ó ṣí nígbà tó gbóná. Ibì kejì, sẹ́ẹ̀lì lẹ̀ mọ́ abọ́ nígbà tó gbóná, ó ṣí nígbà tó tutù. Ọgbọ́n kan náà ni, wọ́n kàn yí i po ni.

32°C kì í ṣe nọ́ńbà ará òkèèrè

Nínú àwọn ìwé tí a fi ń kọ́ wa, ẹ ó máa rí i pé wọ́n ṣe àyẹ̀wò kan ní ìwọ̀n ooru yàrá. Lọ́dọ̀ àwọn tó kọ ìwé náà, ìyẹn máa ń wà láàárín 20 sí 25°C. Ní Ọ̀tà, ẹ wo oṣù Kejì àti oṣù Kẹta. Òwúrọ̀ lè wà ní nǹkan bíi 24 tàbí 25°C, ọ̀sán sì máa ń kọjá 32°C. Ìyẹn túmọ̀ sí pé ààlà PNIPAM bọ́ sí àárín ọjọ́ wa gan-an. Ẹ gbé jẹ́ẹ̀lì PNIPAM kan sínú omi lórí tábìlì ní yàrá tí kò ní ẹ̀rọ amúlétutù. Yóò wú ní òwúrọ̀, yóò súnkì lọ́sàn-án, yóò sì tún máa wú bọ̀ ní alẹ́. Ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án. Ojú ọjọ́ Ọ̀tà ló ń ṣe é.

Èyí kì í ṣe àwàdà. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá wọn jẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ní aago mẹ́sàn-án, tó tún wọn ọ̀kan mìíràn ní aago méjì nígbà tí iná mànàmáná ti lọ tí ẹ̀rọ amúlétutù sì ti dákẹ́, ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wọn. Tí ó bá kọ ooru yàrá sínú iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ láìkọ nọ́ńbà, kò sí ẹni tó lè mọ èyí tó ń sọ. Omi náà ní tirẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Iyọ̀ máa ń fa ààlà PNIPAM wálẹ̀, gẹ́gẹ́ bí sóódà ṣe ń fa ti sítáàṣì wálẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Omi kànga àti omi tí a sè tí a gba oruku rẹ̀ kì í ṣe ọ̀kan náà. Ìbéèrè 1936 náà ló tún padà wá: ìwọ̀n mélòó?

Àgbàdo Peoria àti ẹ̀gẹ́ tiwa

Ẹ jẹ́ ká wá sọ̀rọ̀ ilé iṣẹ́, torí pé ohun tí ayé mọ Ṣàngó-Ọ̀tà mọ́ nìyẹn. Láti ìgbà tí wọ́n ti dá Ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀ ní 1976, ilẹ̀ tó sún mọ́ Èkó yìí ti ń fa ilé iṣẹ́ mọ́ra. Ìjọba ìbílẹ̀ Ado-Odò/Ọ̀tà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1989, ló ni Ṣàngó-Ọ̀tà, òun náà ló ni Àgbárá. Àgbárá ni Hayat Kimya, ilé iṣẹ́ ará Tọ́kì, ti ń ṣe pámpáàsì. Procter & Gamble pẹ̀lú kọ́ ilé iṣẹ́ sí Àgbárá; ní oṣù Kejìlá 2023, ilé iṣẹ́ náà kéde pé òun ò ní máa ṣe ọjà òun ní Nàìjíríà mọ́, òun á kàn máa kó o wọlé ni.

Ẹ ya pámpáàsì kan, ẹ gbọn ọ̀n sórí bébà. Ìyẹ̀fun kan tó dà bí iyọ̀ á jáde. Ẹ bu omi sí i, ẹ ó rí jẹ́ẹ̀lì tó wú lójú yín. Nínú omi tí kò ní iyọ̀ kankan, ó lè mu ìlọ́po ọgọ́rùn-ún lọ́nà mélòó kan ìwọ̀n ara rẹ̀. Nínú omi oníyọ̀ bíi ìtọ̀, kò lè mu tó bẹ́ẹ̀ rárá. Èyí tó kún ọjà lónìí, inú epo rọ̀bì ni wọ́n ti ń yọ ohun tí wọ́n fi ń ṣe é. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ kọ́ ni ìyẹ̀fun yìí ti bẹ̀rẹ̀. Sítáàṣì ló ti bẹ̀rẹ̀.

Ní ìlú Peoria, ní Illinois, ilé ìwádìí kan wà tó jẹ́ ti ẹ̀ka ètò ọ̀gbìn ìjọba Amẹ́ríkà. Ó jẹ́ ọ̀kan nínú mẹ́rin tí òfin 1938 ní kí wọ́n dá sílẹ̀ láti wá iṣẹ́ tuntun fún irè oko tó pọ̀ jù lọ́wọ́ àgbẹ̀. Àgbàdo ló pọ̀ ní agbègbè yẹn. Nígbà tó di àárín 1970 sí 1979, Weaver, Bagley, Fanta àti Doane ti se sítáàṣì àgbàdo títí tó fi wú, wọ́n so okùn pólímà mìíràn mọ́ ọn lára, wọ́n sì fi sóódà yí i padà di ìyẹ̀fun amúmi tí wọ́n sọ ní Super Slurper. Wọ́n gba ìwé àṣẹ ìmọ̀ ẹ̀rọ lórí rẹ̀ ní 1976. Ní 1978, ilé iṣẹ́ Sanyo Chemical ní Jàpáànù bẹ̀rẹ̀ sí í ta irú rẹ̀ tó ní sítáàṣì nínú. Ẹ wo ohun tó wà nínú ìkòkò náà: sítáàṣì, ooru, sóódà. Àwọn aláró Abẹ́òkúta mọ ohun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Kò sí orílẹ̀-èdè tó ń gbin ẹ̀gẹ́ tó Nàìjíríà. Ó lé ní mílíọ̀nù 50 tọ́ọ̀nù lọ́dún. Ilé ìwádìí ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Oṣòdì ti wà láti 1956, ó sì ṣe bẹbẹ lórí gàárì. Ní 2002, Ààrẹ Ọbásanjọ́, tí oko ńlá rẹ̀ wà ní Ọ̀tà níbí, bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀gẹ́ fún gbogbo orílẹ̀-èdè. Ohun tó gbajúmọ̀ jù nínú rẹ̀ ni òfin 2005 tó ní kí ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ ìdá 10 nínú 100 wà nínú ìyẹ̀fun búrẹ́dì. Búrẹ́dì dára. Ṣùgbọ́n Peoria wo àgbàdo, ó rí pólímà. Àwa wo ẹ̀gẹ́, oúnjẹ nìkan la sábà máa ń rí.

N kò sọ pé kí a fi láfún ṣe pámpáàsì lọ́la. Àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ta ti epo rọ̀bì fi í sílẹ̀ ní owó tó ṣòroó bá figa gbága, ìdí kan sì nìyẹn tí sítáàṣì fi kúrò nínú èyí tó pọ̀ jù. Ohun tí mo ń sọ ni pé ìmọ̀ tó wà níhìn-ín kò tíì ní àkọsílẹ̀ tó tó ó. Ilé ẹ̀kọ́ gíga kò wọ́n wa: Covenant wà ní Ọ̀tà láti 2002, Bells náà wà ní Ọ̀tà, Pólì Ìlaro wà láti 1979, yunifásítì ọ̀gbìn Abẹ́òkúta sì wà láti 1988. Ohun tí àyẹ̀wò náà nílò kò le. Gíráàmù sítáàṣì ẹ̀gẹ́ kan nínú omi mìlílítà 40, ìgbóná ìdajì wákàtí ní 50°C, 55°C, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ títí dé 90°C, kí ẹ̀rọ ayípo ya omi kúrò, kí a wọn jẹ́ẹ̀lì tó kù. Ẹ ṣe é pẹ̀lú omi tí a gba oruku rẹ̀, ẹ tún un ṣe pẹ̀lú omi kànga Ṣàngó, ẹ tún un ṣe pẹ̀lú álọ́ọ̀mù bí àwọn aláró ṣe ń bù ú. Kí ẹ sì kọ ìwọ̀n ooru yàrá sílẹ̀ ní nọ́ńbà, pẹ̀lú wákàtí.

Àwọn tó kù ní Ìtòkú, ní Abẹ́òkúta, tó ń ta adìrẹ di òní, ṣì ní àgbà nínú wọn tó rántí bí wọ́n ṣe ń se láfún aṣọ. Ọkọ̀ láti Ṣàngó dé ibẹ̀ kò jìnnà. Ẹni tó bá ń wá àkòrí fún iṣẹ́ àṣekágbá, kí ó mú ìwé, báírò àti tẹmọ́mítà lọ kí wọn, kí ó kí wọn dáadáa bí ọmọ tó ní ẹ̀kọ́ ilé, kí ó sì bèèrè lọ́wọ́ wọn iye omi, iye láfún, iye álọ́ọ̀mù, àti bí wọ́n ṣe ń mọ̀ pé ó ti tó sọ̀ kalẹ̀.